ADÉNÍYÌ TÍ Ó SÙN NÍ BATH
Bí a ti ń wá ìdí ọmọ-ogun òfurufú nínú ìwé àtijọ́

Ní ìlú Bath, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ ìsìnkú kan wà tí a ń pè ní Haycombe. Nínú àwọn ọmọ-ogun tí a sin síbẹ̀ ni awakọ̀ òfurufú kan wà, Flight Lieutenant ni ipò rẹ̀, Thomas sì ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945, nígbà tí kò tó oṣù mẹ́rin mọ́ kí ogun parí ní ilẹ̀ Europe. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ kò ní ìdí kan láti dúró níwájú ibojì rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí orúkọ náà Thomas pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Wales tí kò jìnnà sí Bath. Síbẹ̀ ọmọ Èkó ni ọkùnrin yìí. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Emanuel Peter John Adéníyì Thomas, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà àkọ́kọ́ tí a fún ní oyè ọ́físà nínú Royal Air Force, ní ọdún 1942.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọmọ wa ni ẹni tí ó sùn ní irú ibẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí kò kan ọkùnrin kan ṣoṣo. Roger Lambo, ẹni tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí, tí a sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1994, fi hàn pé nǹkan bí 50 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ni ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì fò nínú ogun náà. Àwọn mìíràn nínú wọn padà wá sí ilé, àwọn mìíràn kò padà. A ó rí òmíràn nínú àwòrán tí a kò kọ orúkọ sí. A ó sì rí orúkọ òmíràn nínú ìwé, láìsí ẹni tí ó mọ agbo ilé rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ọmọ ìjọ tí ó mọ̀wé mọ ọ̀nà tí a fi ń ṣe irú ìwádìí yìí. Ìdajì nínú àwọn ìwé tí a kò lè ṣe aláìní wà ní London. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àwa tìkára wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ.

OHUN TÍ ÌWÉ OGUN KÒ BÈÈRÈ

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin ẹgbẹ́ ogun òfurufú ti Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹnikẹ́ni kò lè gba oyè ọ́físà níbẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ funfun pátápátá. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1939, nígbà tí ogun ti wọ oṣù kejì rẹ̀, ìjọba kéde pé a mú ìdènà yìí kúrò níwọ̀n ìgbà tí ogun bá ń lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfríkà àti àwọn ará West Indies.

Nígbà tí wọ́n wọlé tán, nọ́ḿbà, ipò, iṣẹ́ àti orúkọ ni a fi kọ wọ́n sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí a ti kọ gbogbo ènìyàn. Kò sí ìwé ọ̀tọ̀ fún dúdú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ikú. Ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1917 láti máa tọ́jú ibojì àwọn ọmọ-ogun gbà á ní ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òkúta kan náà ni a ó gbé kalẹ̀ fún ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù. Ohun rere ni èyí, a kò sì gbọ́dọ̀ gàn án. Ṣùgbọ́n ohun rere náà ni ó sọ iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe ìwádìí di líle. Kò lè lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé kí ó ní, "Ẹ fún mi ní ìwé àwọn ọmọ Yorùbá." Ìwé náà kò fi ẹ̀yà pín ènìyàn. Ó ní láti mọ orúkọ tí ó ń wá kí ó tó lọ, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Orúkọ náà tìkára rẹ̀ sì lè sá pamọ́. Lórí òkúta ibojì ogun, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni a sábà máa ń kọ fún àwọn orúkọ ìṣáájú. Ẹ rò ó wò: bí a bá kọ gbogbo orúkọ ọmọ Èkó yìí ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, Adéníyì di A kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan yìí lè jẹ́ Arthur, ó lè jẹ́ Albert, ó lè jẹ́ Alfred. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó dúró fún ní láti ṣí ìwé orúkọ tí Ìgbìmọ̀ náà ń pamọ́. Ó tún ku ọ̀kan: àwọn ènìyàn ń pe ọkùnrin yìí ní Peter, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ nígbà ogun, ṣùgbọ́n Emanuel ni ó ṣáájú nínú ìwé. Ẹni tí ó bá wá Peter nínú ìwé tí a tò ní ABD yóò wá ibi tí kò sí.

ÀMÌ TÍ Ó WÀ LỌ́RÙN, ÀTI ÀWỌN TÍ A KÒ RÍ

Olúkúlùkù ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń so àmì méjì mọ́ ọrùn. Ọ̀kan ṣe roboto, ó pọ́n. Èkejì ní igun mẹ́jọ, àwọ̀ ewé sì ni. Bí ó bá kú, a ó mú èyí tí ó pọ́n lọ kí a lè kọ ọ́ sínú ìwé, a ó sì fi èyí tí ó ní àwọ̀ ewé sílẹ̀ lára òkú. A kọ orúkọ rẹ̀ sí i, a kọ nọ́ḿbà rẹ̀, a sì kọ ìsìn rẹ̀ ní lẹ́tà bíi méjì, kí ẹni tí yóò sin ín lè mọ irú àdúrà tí yóò gbà. Kì í ṣe irin ni a fi ṣe àmì wọ̀nyí. Iná a máa jó wọn, omi a sì máa jẹ wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá jábọ́ pẹ̀lú iná, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kò ní rí wọn mọ́.

Nígbà tí ogun parí, ju 40,000 ọmọ-ogun òfurufú lọ ni a kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹgbẹ́ ogun òfurufú rán àwọn ọ́físà jáde sí Jámánì, Faransé, Holland àti ilẹ̀ mìíràn láti máa wá wọn láti abúlé dé abúlé. Wọ́n ń bi àlùfáà ìlú àti àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú léèrè ọ̀rọ̀; wọ́n ń wo nọ́ḿbà tí a tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, nọ́ḿbà tí ó wà lẹ́yìn aago ọwọ́, àti àmì tí alágbàfọ̀ kọ sí ọrùn ẹ̀wù. Nípa irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún fi gba orúkọ wọn padà. Síbẹ̀ àwọn tí a kò rí ibojì wọn rárá ju 20,000 lọ. A kọ orúkọ wọn sára ògiri ìrántí kan ní Runnymede, lẹ́bàá odò Thames, èyí tí a ṣí ní ọdún 1953.

ÀWỌN ÌWÉ TÍ Ń JẸ́RÌÍ

Ẹ jẹ́ kí a tọ́ka sí àwọn ìwé tí ẹni tí ń ṣe ìwádìí ní láti yẹ̀ wò, nítorí ìdílé púpọ̀ ni ó ń fẹ́ mọ̀ tí kò sì mọ ibi tí yóò kàn sí.

Èkínní ni London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Olúkúlùkù ẹni tí a bá fi joyè ọ́físà ni a ń tẹ orúkọ rẹ̀ jáde níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ḿbà rẹ̀. Nọ́ḿbà yìí ṣe iyebíye ju orúkọ lọ ní ọ̀nà kan: Thomas lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà kan kò lè jẹ́ ti ọ́físà méjì.

Èkejì ni ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti Squadron kọ̀ọ̀kan, èyí tí a pamọ́ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, lẹ́gbẹ̀ẹ́ London. Oríṣi méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Form 540 ń sọ ohun tí Squadron ṣe ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Form 541 ń ka ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó gbéra, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, wákàtí tí ó lọ àti wákàtí tí ó dé. Bí ọkọ̀ bá lọ tí kò dé, àyè wákàtí ìpadàbọ̀ yóò ṣófo, a ó sì kọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú pé a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni fáìlì tí ilé iṣẹ́ ogun òfurufú ṣí fún àwọn tí ó kú, tí ó fara gbọgbẹ́, tàbí tí ó sọnù, èyí tí a ti ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní Kew díẹ̀díẹ̀. Nínú wọn ni a lè bá lẹ́tà tí a kọ sí òbí, àti ìròyìn tí ẹgbẹ́ Red Cross mú wá láti ilẹ̀ ọ̀tá. Bí ó bá jẹ́ jàm̀bá ni ó ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ ọ̀tá, káàdì jàm̀bá tún wà ní ilé ohun ìrántí ti RAF ní Hendon, èyí tí ó ń sọ irú ọkọ̀ náà àti ohun tí ó bàjẹ́.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyí tí ó tó láti dá dúró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Akọ̀wé ogun tí kò gbọ́ Yorùbá rí, tí ó ń tẹ orúkọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ní òru, lè kọ Adéníyì ní ọ̀nà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí nọ́ḿbà, ọjọ́ àti ipò bá bá ara wọn mu nínú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, a lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú.

ORÚKỌ SÀRÓ ÀTI ORÚKỌ ILÉ

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀ràn náà kan ìtàn tiwa gan-an. Kí ni ó dé tí ọmọ Èkó fi ń jẹ́ Thomas? Olúkúlùkù òǹkàwé wa mọ̀ ọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì kó lọ sí Sierra Leone, ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta. Sàró ni a pè wọ́n. Ní Freetown, orúkọ àwọn òyìnbó oníwàásù àti ti àwọn olóore ìjọ ni a fún púpọ̀ nínú wọn nígbà ìrìbọmi, èyí ni Thomas, Williams, Johnson, Cole àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fi di orúkọ ìdílé ní Èkó. Àwọn kan tilẹ̀ ti orúkọ náà kúrò lẹ́yìn náà. David Brown Vincent, oníwàásù Baptist, di Mojọlá Agbébí ní ọdún 1894. Àwọn mìíràn fi tilé sí àárín orúkọ wọn, gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kò ti jẹ́ kí Àjàyí sọnù.

Bàbá awakọ̀ òfurufú wa, Peter J. C. Thomas, oníṣòwò pàtàkì ní Èkó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Sàró wọ̀nyí. Ọmọbìnrin rẹ̀ Stella ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà tí ó di lọ́yà, ní ọdún 1933; ní ọdún 1943, ó di adájọ́ májísíréètì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà. Nítorí náà kò ṣòro láti fi ìwé ilé gbe ìwé ogun lẹ́sẹ̀ nínú ọ̀ràn ti ọmọ yìí. Ilé olókìkí ni ó ti jáde. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ àti nínú ìwé ìròyìn Èkó. Ṣùgbọ́n kí ni kí a sọ nípa ọmọ Sàró tí kì í ṣe ọmọ olókìkí? Bí ó bá jẹ́ pé John Thomas lásán ni a kọ, tí òbí rẹ̀ kò sì fi orúkọ ilé há a láàárín, kí ni yóò fi í hàn nínú gbogbo Thomas tí ó kú ní ogun náà?

Àwọn baba wa ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ ìwádìí, a ní láti yí òwe náà padà: orúkọ ni a ó kọ́kọ́ wò kí a tó mọ ilé. Ẹni tí ó jẹ́ Adéníyì sọ fún wa láìlanu pé Yorùbá ni ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Akin Shenbanjo, ẹni tí ó fò pẹ̀lú Squadron 76, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ títọ́jú wáyálẹ́ẹ̀sì nínú ọkọ̀ Halifax. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ kan sára ọkọ̀ náà láti yẹ́ ẹ sí: "Achtung! The Black Prince". Bí ó bá jẹ́ orúkọ tí ó wà lára ọkọ̀ náà nìkan ni ó kù, a kì bá mọ̀ ju pé dúdú ni ọkùnrin náà lọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un ni ó tọ́ka sí ilẹ̀ Yorùbá.

ORÚKỌ KÒ TÓ

Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni kò gbọ́dọ̀ mú wa gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Nínú àwọn ọmọ Áfríkà tí ó fò nínú ogun náà, tí ọba sì fún ní àmì ẹ̀yẹ tí a ń pè ní Distinguished Flying Cross, ni Adésànyà Kwamina Hyde wà. Ẹni tí ó bá rí Adésànyà yóò sọ kíákíá pé Ìjẹ̀bú ni, tàbí pé Èkó ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ Sierra Leone ni. Ìdílé àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọn kò padà wá, tí wọ́n fi Freetown ṣe ilé, ṣì ń fi orúkọ Yorùbá sọ ọmọ. Kwamina tí ó tẹ̀ lé e sì jẹ́ orúkọ tí àwọn Fanti ń fún ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Sátidé. Nínú orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo, Yorùbá wà, Fanti wà, Gẹ̀ẹ́sì wà. Ìtàn Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ti ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì lè tú u láìsí ìwé ilé.

Bí orúkọ nìkan kò bá tó, ojú nìkan kò tó pẹ̀lú. Ọ̀ràn Cy Grant, ọmọ British Guiana, ni ó fi èyí hàn jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ọmọ pásítọ̀ ìjọ Moravian ni, a bí i ní ọdún 1919, ó sì jẹ́ afọ̀nàhàn nínú ọkọ̀ Lancaster ti Squadron 103. Ní òru ọjọ́ 25 sí 26 oṣù kẹfà ọdún 1943, bí wọ́n ti ń padà bọ̀ láti Gelsenkirchen, àwọn Jámánì já ọkọ̀ wọn bọ́ sí ilẹ̀ Holland. A mú Grant, ó sì wà nígbèkùn fún ọdún méjì. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Nazi tẹ àwòrán rẹ̀ jáde láìsí orúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ-ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kan nìyí tí a kò lè mọ ẹ̀yà rẹ̀. Wọ́n ní ojú rẹ̀ níwájú wọn, wọ́n sì fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹni tí ó jẹ́ fún àwọn tí ń ka ìwé náà.

Joost Klootwijk, ọmọdékùnrin Holland kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí ọkọ̀ náà jábọ́ ní àdúgbò rẹ̀, kò gbàgbé. Nígbà tí ó dàgbà ó wá ìdí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyèsí ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀: láti ibi tí ọkọ̀ jábọ́ sí àti òru tí ó jábọ́, a lè mọ ọkọ̀ wo ni, W4827 ni nọ́ḿbà ti èyí. Láti nọ́ḿbà ọkọ̀, a ó dé inú ìwé Squadron. Nínú ìwé Squadron, a ó bá orúkọ ènìyàn méje. Nígbà tí ó yá, Klootwijk àti Grant di ojúlùmọ̀ ara wọn, iṣẹ́ náà sì bí àkọsílẹ̀ ńlá nípa gbogbo àwọn ọmọ West Indies tí ó fò nínú ogun náà. Grant fi ọ̀rọ̀ tí àwọn Nazi kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ ṣe àkọlé ìwé tí ó kọ nípa ìgbà ogun rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2010, gbogbo ayé sì mọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀.

APÁ TI ÀWA

Ọmọdé kì í bá ìtàn, àrọ́bá ni ó ń bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nínú ọ̀ràn tí a ń sọ yìí, àwọn tí ó ní àrọ́bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1945 yóò ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Ìwé ni ó kù. Ìwé ti Kew kò sí nínú ewu: ilé rẹ̀ dára, a sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé tí ó wà nínú ewu ni ìdajì kejì, èyí tí ó wà ní ilẹ̀ yìí.

Òótọ́ ni pé a ti pa díẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìpamọ́ ìwé ìjọba, Ìbàdàn ti ní ilé fún un, àwọn ìwé iṣẹ́ C.M.S. ní ilẹ̀ Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, àti ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni yóò so Thomas ti London mọ́ Adéníyì ti Èkó, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú pẹpẹ àti àpótí tí ikán ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Nínú ìwé ìrìbọmi ni a máa ń rí orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, àti ibùgbé wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Kò sí ìwé ogun kan tí ó lè fún wa ní èyí. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ àwọn ibojì ogun kọ̀wé sí ìdílé láti béèrè orúkọ òbí àti ìlú, àwọn kan dáhùn, àwọn kan kò dáhùn; níbi tí a kò ti dáhùn, àyè náà ṣófo títí di òní.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ: ẹ gbé àwọn ìwé wọ̀nyí kúrò nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n ní àwòrán ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí wọn tó fọ́. Nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ ọmọ titun, ẹ kọ ọ́ ní kíkún pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹ má ṣe fi lẹ́tà kan dípò orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ rò jinlẹ̀ kí wọn tó sọ. Bí ẹ bá sì ní àwòrán ọkùnrin kan nílé nínú aṣọ ọmọ-ogun, ẹ yí i padà kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ẹni tí ó jẹ́, ọmọ tani, àti láti agbo ilé wo. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹnìkan ṣì wà tí ó lè dáhùn.